Orí Karùn-ún: Voy, Fui, Iba: Bí Elédè Sípáníìṣì Ṣe Ń Sọ Pé Òun Ń Lọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn elédè Sípáníìṣì fi ń sọ pé èèyàn lọ síbìkan kò ju lẹ́tà méjì lọ: ir. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Ẹni tó ń lọ sí Agége nísinsìnyí á ní Voy a Agege. Bó bá jẹ́ àná ló lọ, á ní Ayer fui a Agege. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, Iba a Agege ni yóò sọ. Bó bá sì di ọjọ́ mìíràn kó tó lọ, Iré a Agege. Voy, fui, iba, iré: lílọ ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jọra wọn rárá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì kì í ṣe báyìí. Mú hablar, tó túmọ̀ sí kí èèyàn sọ̀rọ̀: hablo, hablas, habla, hablamos, hablan. Habl- dúró síbi tó wà. Ìparí ọ̀rọ̀ náà nìkan ló ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wa. Ẹni tó bá mọ hablar dáadáa ti mọ bí yóò ṣe lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn tó parí sí -ar. Ir ní tirẹ̀ kò ní gbòǹgbò kan tí èèyàn lè dì mú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé èdè yìí ti le jù, tí wọ́n á sì pa ìwé dé.

Ó dùn mí bí wọ́n bá pa á dé níbẹ̀. Nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìjú, ní Fágbà àti ní Ọ̀jọ́kòrò, ó pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbọ́ ¡Vamos! lẹ́nu àwọn agbábọ́ọ̀lù Spéìn àti Ajẹntínà. Àwọn mìíràn ní ẹbí ní Madrid tàbí ní Barcelona, wọ́n sì ń gbèrò àtilọ. Vamos tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ara ir náà ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé ohun tó mú kí ir wọ́ náà ló mú kó ṣeé kọ́: kò sí ọjọ́ tí ọmọ aráyé kì í sọ pé òun ń lọ.

Tiwa náà kò tọ́ gbọnrangandan

Ká tó dá ẹjọ́ èdè ẹlẹ́dè, ká yẹ ilé ara wa wò. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí ẹni tó ń ṣe é. Mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ: lọ kò mira. Àmọ́ ẹ fetí sí bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ìrìn ní ti gidi.

Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ Fágbà lè ní, “Mò ń lọ sí Ìkejà.” Ó sì lè ní, “Mò ń re Ìkejà.” Lọ ń fẹ́ sí níwájú orúkọ ibi; re kò fẹ́ ẹ. Èèyàn lè sọ pé “Mo ti lọ” kó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà pé. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé “Mo ti rè” kó sì dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣe kí a má sọ ibi tí à ń lọ tàbí kí a má béèrè rẹ̀. Ohùn rẹ̀ pàápàá ń yí: “Níbo lò ń rè?” ohùn ìsàlẹ̀ ló jẹ́ níbẹ̀, “Mò ń re oko,” ó ti di ohùn àárín.

Wá ńkọ́? À ń sọ pé “Wá!”, “Ó wá lánàá”, “Yóò wá lọ́la.” Bí ẹni náà bá ti wà lójú ọ̀nà, wá á yẹ̀bá fún bọ̀: “Ó ń bọ̀.” Ẹni tó bá ní “Ó ń wá”, ohun tí a óò kọ́kọ́ rò ni pé nǹkan kan sọnù tó ń wá kiri. Kò sí olùkọ́ tó jókòó kọ́ ọmọ Yorùbá ní èyí. Ó gbọ́ ọ, ó sì ń sọ ọ́.

Ibi tí tiwa ti wọ́ jù ni ìyísódì. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀: kò lọ. Ohun tí kì í ṣe ìṣe ẹni: kì í lọ. Ohun tí kò ní í ṣẹlẹ̀: kò níí lọ. Ohun tó ṣì kù: kò tíì lọ. Àṣẹ: má lọ. Ohun tí à ń kábàámọ̀: kì bá tí lọ. Ọmọ Spéìn tó ń kọ́ Yorùbá yóò di orí mú níbẹ̀, nítorí nínú èdè tirẹ̀, no kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: no voy, no fui, no iba, no iré, no vayas. Kò sí èdè tí kò níbi tó ti tọ́ àti ibi tó ti wọ́. Tiwa wà nínú ìyísódì, tiwọn wà nínú ara ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní í bá ara rẹ̀ wí pé orí òun kú.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó di ọ̀kan

Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù, ni ìyá Sípáníìṣì. Àwọn ọmọ ogun Róòmù gúnlẹ̀ sí Spéìn ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Jésù, èdè wọn sì bá wọn wọ̀lú. Nínú Látìnì, ire ni lọ. Ara rẹ̀ kéré jọjọ: eo ni “mò ń lọ”, is ni “ò ń lọ”, it ni “ó ń lọ”. Ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sọnù lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn bá mú ọ̀rọ̀ mìíràn tó sanra díẹ̀, vadere, tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ń rìn tìyáratìyára, wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀. Inú vadere ni voy, vas, va, vamos, van àti vaya ti wá. Ire ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sì parẹ́ tán. Òun ló bí iba, iré, yendo, ido àti ir fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló yani lẹ́nu jù. Fui, fuiste, fue, fuimos, fueron ti inú esse wá, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí “jẹ́” tàbí “wà”. Ìdí nìyẹn tí fui fi ń ru ẹrù méjì títí di òní. Fui maestro: mo ṣe olùkọ́ rí. Fui a Agege: mo lọ sí Agége. Báwo ni wíwà ṣe di lílọ? Rò ó wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìjú, tó sì wà ní Ìbàdàn lánàá, ó ní láti jẹ́ pé ó lọ síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ lójoojúmọ́ gba ọ̀nà kan náà: ẹni tó bá ní I have been to Ibadan, lílọ ló ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wíwà ló fi sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìdí láti bẹ̀rù pé òun á da méjèèjì pọ̀. Bí a àti orúkọ ibi bá tẹ̀lé fui, lílọ ni. Bí orúkọ iṣẹ́ tàbí ìwà bá tẹ̀lé e, jíjẹ́ ni.

Kì í ṣe Sípáníìṣì nìkan ló ṣe irú àdàpọ̀ yìí. Ẹni tó kọ́ Faransé nílé ìwé girama, tàbí tó lọ gbé ní abúlé èdè Faransé tó wà ní Àjàrá, ní Badagry, ti pàdé je vais, nous allons, j'irai: gbòǹgbò mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan. Pọtogí tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà gbé ti Bràsíìlì bọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní vou, fui, irei. Gẹ̀ẹ́sì ní go àti went. Wend ló ni went yìí tẹ́lẹ̀, kí go tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò tún un ṣe?

Ní 1958, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, Jean Berko, ya àwòrán ẹ̀dá kékeré kan tó jọ ẹyẹ. Kò sí irú rẹ̀ láyé. Ó pè é ní wug, ó sì fi han àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó fi méjì hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n bá òun parí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé wugs. Wọn kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ìdánwò kékeré yẹn fi hàn pé ọmọdé kì í kàn sín ọ̀rọ̀ àgbà jẹ. Ó ń ṣa òfin inú èdè jọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń sọ goed kó tó mọ went, tí ọmọ Sípáníìṣì sì máa ń sọ sabo nígbà tí àgbà á sọ sé, “mo mọ̀”. Àṣìṣe tó ń ṣe yẹn, ọgbọ́n ni. Ó ti rí òfin, ó sì ń lò ó.

Bí ọmọdé kọ̀ọ̀kan bá wá ń fi òfin tọ́ ọ̀rọ̀ sọ́nà láti ìran dé ìran, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tó wọ́ fi ṣẹ́kù? Ní 2007, Erez Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. Wọ́n kó ọ̀rọ̀-ìṣe 177 jọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, gbogbo wọn aláìtẹ̀lófin, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ wọn bọ̀ wá sí òde òní. Nígbà tó máa fi di ìgbà àárín, 145 ló ṣì wọ́ nínú wọn. Lónìí, 98 péré ló kù. Àwọn yòókù ti gba òfin. Wọ́n wá rí i pé kì í ṣe àkọsẹ̀bá ni èyí tó kù àti èyí tó lọ. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà, tí lílò ọ̀kan fi ìlọ́po 100 dín sí ti èkejì, èyí tí wọn kò lò tó bẹ́ẹ̀ yóò gba òfin ní ìlọ́po 10 yá ju ìkejì rẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ti jókòó sí ọpọlọ rẹ̀ kí òfin tó dé bá a. Bó bá ṣì í sọ láàárọ̀, á gbọ́ èyí tó tọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò ní olùrànlétí. Òfin nìkan ló kù fún un. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni koríko kì í hù sí. Báyìí ni lọ, wá, jẹ́, wà àti ní ṣe di àgùnlá fún òfin nínú èdè púpọ̀ káàkiri ayé: àwọn ni ẹnu ń tẹ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé a kò lè fi òfin kọ́ ir. Àwọn tó ni ín gan-an, ẹnu àti etí ni wọ́n fi pa á mọ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Àwa náà, ẹnu àti etí la máa fi gbà á.

Bí a ṣe ń lò ó

Ti ìsinsìnyí ni ká kọ́kọ́ mú:

voy: mò ń lọ, mo máa ń lọ
vas: ò ń lọ
va: ó ń lọ, ẹ̀ ń lọ, fún àgbà kan ṣoṣo
vamos: à ń lọ
van: wọ́n ń lọ, ẹ̀ ń lọ, fún ọ̀pọ̀ èèyàn

Ní Spéìn, wọ́n tún ní vais fún àwọn ojúgbà tó ju ẹyọ kan lọ. Ní Kúbà, Mẹ́síkò àti Kòlóńbíà, van ló gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti sọ ẹni tó ń lọ, nítorí náà yo, tó jẹ́ “èmi”, kò pọn dandan. Wọn kì í fi í síbẹ̀ bí kò ṣe pé wọ́n fẹ́ tẹnu mọ́ ọn: èmi ni mò ń lọ, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣọ́ra fún. Àwa máa ń fi ẹ bọlá fún àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan: “Níbo lẹ̀ ń lọ, mà?” Elédè Sípáníìṣì náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, usted, ṣùgbọ́n va, ọ̀rọ̀ “ó ń lọ”, ló ń bá a rìn: ¿Adónde va usted, señora? Bí o bá fi van kí ìyá àgbà kan ṣoṣo nítorí pé ọ̀wọ̀ ilé wa gba ọ̀pọ̀, á wẹ̀yìn wò bóyá èrò wà lẹ́yìn òun. Bí o bá sì ní vas fún àgbà tí o kò mọ̀ rí, ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá bi àgbà ní “Níbo lò ń lọ?”

Ibi kejì tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wa sí wàhálà ni ìdáhùn ìpè. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, ọmọ Yorùbá á kígbe pé, “Mò ń bọ̀ o!” Ó ti fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tó ń pè é. Ọmọ Spéìn ní ipò kan náà á kígbe pé ¡Voy! tàbí ¡Ya voy! Lójú tirẹ̀, ibi tí òun wà ni òun ń fi sílẹ̀, nítorí náà lílọ ni. Venir, tó jẹ́ “wá”, ibi tí olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wà nìkan ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí fóònù. Ẹni tó ti jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìjú, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é ní Yaba, á ní, “Mò ń bọ̀, mo ti wọ ọkọ̀.” Ní Sípáníìṣì: Ya voy, estoy en el tren. Vengo kò bá a mu níbẹ̀. “Mò ń bọ̀” tí à ń sọ nígbà tí a bá ń jáde lọ, tí a sì fẹ́ padà wá láìpẹ́, òun ní tirẹ̀ ni Ahora vuelvo. Ìpàdé wà ṣá o: “ọdún tó ń bọ̀” ni el año que viene, “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” ni la semana que viene. Ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ wọn, àkókò ló ń wá bá èèyàn.

Fui àti iba ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rù láti ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ wọn tipẹ́. “Mo lọ sí Ògbà lánàá”: ìrìn kan ni, ó ti parí. Ayer fui a Ogba. “Mo máa ń lọ sí Ògbà nígbà tí mo wà lọ́mọdé”: ìṣe ẹni ni. De niño iba a Ogba. Obìnrin á ní De niña. “Mò ń lọ sí Ògbà ni òjò bá bẹ̀rẹ̀”: ìrìn náà kò tíì parí nígbà tí nǹkan mìíràn já lù ú. Iba a Ogba cuando empezó a llover. Ibi tí ń tàbí máa ń bá wà nínú ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá rẹ, iba ni kí o mú. Ibi tí kò bá sí, mú fui. Mo tún ní ìròyìn ayọ̀ kan fún ẹni tó ń bẹ̀rù: nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì, mẹ́ta péré ni kò tẹ̀lé òfin ní irú àsìkò àtẹ̀yìnwá tí iba wà yìí. Ir ni ọ̀kan, ser àti ver ni méjì yòókù.

Ir tún ń bá ọjọ́ iwájú ṣiṣẹ́. Voy a comer kò túmọ̀ sí pé mo ti gbéra lọ síbi oúnjẹ. Ó túmọ̀ sí pé mo máa jẹun. Va a llover: òjò máa rọ̀. Nínú Yorùbá, a kò lè sọ pé òjò ń lọ rọ̀. “Òjò fẹ́ rọ̀” là ń sọ, bí ẹni pé òjò ní ìfẹ́ inú. Ọ̀nà méjì yìí, lílọ àti fífẹ́, ni ọ̀pọ̀ èdè ayé ti mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti lílọ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ìjú dé Agége. Àwọn ọmọ onímọ́tò àti oníbàárà wọn tí kò gbọ́ Yorùbá máa ń fi pijin bá ara wọn sọ̀rọ̀, go inú pijin yẹn náà ló sì ń gbé ọjọ́ iwájú rù: Rain go fall. I go pay for front. Ẹni tó bá lè sọ Rain go fall ti mọ Va a llover. Àyè kan náà ni go àti va wà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn ni me voy. Yàtọ̀ sí ¡Voy! tí a fi ń dáhùn ìpè, voy lásán ń fẹ́ ibi tí à ń lọ, bí re tiwa: Voy a casa, mò ń relé. Me voy kò fẹ́ nǹkan kan; kíkúrò ló ń sọ. Ẹni tó bá dìde láàárín ọ̀rẹ́ tó ní “Mò ń lọ o”, Me voy ló sọ. “Ó ti lọ” ni Se fue. Bí a sì ṣe máa ń fi “ó ti lọ” sọ̀rọ̀ ẹni tó papò dà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń sọ Se nos fue nígbà ọ̀fọ̀.

Àwọn tó fi etí kọ́ ọ

Àwa kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó máa sọ voy. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó àìmọye èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí olùkọ́. Oko ìrèké ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn. Àwọn tó ṣàkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹrú tuntun láti Áfíríkà nígbà náà fi hàn pé wọ́n máa ń sọ yo va níbi tí ọmọ onílẹ̀ á ti sọ yo voy. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nínú èdè tí ọ̀pọ̀ wọn gbé dání, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí fún ẹnikẹ́ni, va sì ni etí wọn ń gbọ́ ṣáá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ níbẹ̀ sọ voy geere. Ìjọba Spéìn fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ pátápátá ní 1886. Àwọn kan nínú wọn ti Kúbà padà sí Èkó; orúkọ ìdílé Campos, tó jẹ́ ti Kúbà, ṣì wà lára Campos Square ní Ìsàlẹ̀ Èkó di òní.

Ìlú elédè Sípáníìṣì tó sún mọ́ wa jù ni Equatorial Guinea, tí Malabo wà nínú rẹ̀, ní erékùṣù Bioko, tí wọ́n ń pè ní Fernando Po tẹ́lẹ̀. Ní 1942, Gẹ̀ẹ́sì àti Spéìn fọwọ́ sí àdéhùn láti máa kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà lọ sí oko kòkó níbẹ̀. Ìlú náà gba òmìnira ní 1968, Sípáníìṣì sì kù síbẹ̀. Onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, John Lipski, tó yẹ èdè wọn wò, rí i pé bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń lọ sí ìlú Bata, wọ́n máa ń sọ Voy en Bata níbi tí ará Madrid á ti sọ Voy a Bata. Ẹni tó bá lọ ṣòwò níbẹ̀ á gbọ́ ọ, kó má sì jẹ́ kó ya òun lẹ́nu. Voy kan náà ni, ilé tuntun ló wọ̀.

Ìdánrawò láti Ìjú

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Red Line ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló ní: Àgbádó, Ìjú, Agége, Ìkejà, Òṣòdì, Mushin, Yaba, Òyìngbò. Ẹni tó ń gbé ní Ifákò-Ìjàyè lè fi ìrìn àjò yẹn ṣe ilé ìwé. Ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sọ gbólóhùn kan jáde lẹ́nu, kì í ṣe nínú ọkàn:

Ìjú: Voy a Oyingbo en tren. Mò ń fi ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òyìngbò.
Agége: Ayer fui a Agege a pie. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Agége lánàá.
Ìkejà: Mi hermana va a Ikeja los lunes. Ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi obìnrin máa ń lọ sí Ìkejà.
Òṣòdì: Antes iba a Oshodi en autobús. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ lọ sí Òṣòdì.
Mushin: Mañana vamos a ir a Mushin. A máa lọ sí Mushin lọ́la.
Yaba: Nunca he ido a la universidad de Yaba. Mi ò tíì dé yunifásítì tó wà ní Yaba rí.
Òyìngbò: Me voy, hasta luego. Mò ń lọ o, ó dàbọ̀.

Bí o bá padà lọ́jọ́ kejì, yí orúkọ ibi padà, kí o sì yí ẹni tó ń lọ padà: ìyá rẹ, ọ̀gá rẹ, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Má ṣe kọ voy, vas, va sínú ìwé kí o máa ké e bí tábìlì ìṣirò. Gbólóhùn ni kí o máa sọ, kó sì jẹ́ òótọ́ nípa ìrìn rẹ lọ́jọ́ náà. Bí o bá ṣì í, tún un sọ, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Mo rọ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí pé kí ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé èdè òyìnbó tó wọ́ ju ọpọlọ àwọn lọ. Ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ kò lọ, kì í lọ, kò níí lọ àti kò tíì lọ láìṣì í ti ṣe ohun tó le ju voy àti fui lọ. Kí ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lónìí.